Ìwé ìtàn kan ṣoṣo fún ọmọ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì àti ọ̀gá ilé-ìwé

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aránṣọ ni mí ní ìlú Ondó. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tí a bá ti da aṣọ bo máṣíìnì, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kàwé pọ̀ kí kálukú tó lọ sílé. Àwọn ọmọ náà wà láàárín ọdún 16 sí 20. Àwọn kan ka ìwé mẹ́wàá jáde, àwọn kan ò sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, máa ń jókòó tì wá. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò àti bàbá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì náà ti wá dara pọ̀ mọ́ wa. Ìwé ìtàn gígùn la fi bẹ̀rẹ̀, a ò sì tíì dé ìdajì tó fi sú gbogbo wa. Wọ́n ní kí n wá ìwé ìtàn kéékèèké. Èwo ni kí n rà tí yóò tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn? Owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ o.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Kí n má tàn yín: ìwé tí yóò dùn mọ́ ọmọ ọdún 11, ọmọ iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, nọ́ọ̀sì àti ọ̀gá ilé-ìwé, láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìparí, kò sí ní Àkúrẹ́ níbí, kò sí n'Íbàdàn, ẹ má wulẹ̀ wá a. Èyí tí ẹ lè rí ni ìwé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín yóò ti rí ìtàn mẹ́ta mẹ́rin tó jẹ́ tirẹ̀, tí yóò sì lè fara da ti ẹlòmíì torí pé kò gùn. Bí ti Ọjọ́rú yìí kò bá wù mí, ti Ọjọ́rú tó ń bọ̀ lè wù mí. Ìwé ìtàn gígùn kì í fún èèyàn nírú àyè yẹn. Ẹni tó bá pa ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo jẹ, tó lọ fi aṣọ jíṣẹ́ fún oníbàárà, tó bá fi máa padà dé, kò ní mọ ẹni tó bí ẹni tó kú mọ́. Ó dá mi lójú pé ohun tó ṣe yín nìyẹn, kì í ṣe pé ìwé náà ò dáa.

Tí ẹ bá dé iwájú àtẹ ìwé, oríṣi méjì lẹ máa bá. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé kan ṣoṣo. Nínú èkejì, olóòtú kan ló ṣa ìtàn ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé jọ sínú ìwé kan. Àwọn tó ti ń kàwé tipẹ́ sábà máa ń gbé ti àkọ́kọ́ gẹ̀gẹ̀, wọn á ní èkejì dà bí àjẹkù. Ẹ má dá wọn lóhùn. Fún irú ẹgbẹ́ tiyín, èkejì ni kí ẹ mú.

Ẹ wo The Thing Around Your Neck, àkójọ tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde lọ́dún 2009. Ìtàn 12 ló wà níbẹ̀, ó sì dáa gan-an. Nọ́ọ̀sì yín lè kà á tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí obìnrin Ìgbò kan àti obìnrin Haúsá kan ti jọ sá pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù kan nígbà tí ìjà ẹ̀sìn ń lọ ní Kánò. Lójú tèmi, ìtàn yẹn nìkan tó owó ìwé. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni èèyàn ń gbọ́ láti ti àkọ́kọ́ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó ń dàrú àti ìyà tó ń jẹ ọmọ Nàìjíríà l'Ámẹ́ríkà sì ń padà wá léraléra. Ẹni tí ohùn náà kò bá bá lára mu, gbogbo ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ibì kan sì wà tí n kò ní fẹ́ kí ọmọ ọdún 11 gbọ́. Ìwé tí nọ́ọ̀sì lè fi owó ara rẹ̀ rà ni. Kì í ṣe èyí tí ẹ máa fi owó ẹgbẹ́ rà.

Èyí tí mo ní kí ẹ rà ni African Short Stories, tí Chinua Achebe àti C. L. Innes jọ ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1985. Ìtàn 20 ni. Wọ́n tò wọ́n ní ẹkùn-ẹkùn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ìlà-Oòrùn, Àríwá, Gúúsù. Ìwé náà kò nípọn, ó sì ti pẹ́ lóde, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ kí ẹ tó wá tuntun lọ. Tí ẹ bá rí i, kí ẹ ṣí i wò lójú olówó: ojú ewé ìwé àlòkù a máa já, ìtàn tó gbẹ̀yìn ló sì sábà máa ń sọnù.

Ẹ má kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Olóòtú fi àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tò ó, kò fi bó ṣe rọrùn sí tò ó. Èyí tí Jomo Kenyatta kọ ni kí ẹ fi ṣí i, The Gentlemen of the Jungle. Inú ìwé kan tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1938 ló ti wá, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Kìkúyù ní Kenya. Erin bẹ ọkùnrin kan pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun ki ọwọ́jà òun bọ inú ahéré rẹ̀ torí òjò. Kò pẹ́, erin ti wọlé tán, onílé ti wà níta. Kìnnìún yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, ẹranko ni gbogbo wọn. Ọmọ yín á gbọ́ ọ bí àlọ́. Bàbá ọ̀gá ilé-ìwé á gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ òṣèlú, á sì fẹ́ dárúkọ ìgbìmọ̀ ìwádìí tó mọ̀. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ dáadáa. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹgbẹ́ tí orí wọn ò dọ́gba fi bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá rí Mista Courifer níbòmíì, iṣẹ́ Adelaide Casely-Hayford, torí kò sí nínú ìwé yìí, òun ni kó tẹ̀ lé e, tiyín gan-an ni. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló wà níbẹ̀. Bàbá kan ní Freetown tó ń kan pósí, tó sì ń wàásù, kò ka ohunkóhun sí àfi ohun òyìnbó, aṣọ dúdú òyìnbó ló sì ń wọ̀ nínú oòrùn, òun àti ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ wọ aṣọ ìbílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ jà sí i. Àwọn ló mọ̀ bí kóòtù oníṣẹ́po méjì ṣe ń móoru.

Èyí tí Tayeb Salih ọmọ Sudan kọ nínú African Short Stories, A Handful of Dates, kò gba àkókò rárá, òun ló sì ṣeé ṣe kó dá ariwo sílẹ̀ jù. Ọmọ kékeré kan fẹ́ràn bàbá àgbà rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, títí tó fi gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń ra ilẹ̀ aládùúgbò wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Nílẹ̀ wa tí oko kòkó ti ń fa ẹjọ́ láàárín ìdílé, kò sẹ́ni tí kò ní rí ẹni tó mọ̀ nínú rẹ̀. Grace Ogot náà kọ ìtàn kan, The Rain Came, tí kò sí nínú ìwé yìí, ti ọmọbìnrin olóyè tí wọ́n fẹ́ fi bọ adágún kí òjò lè rọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ti Mọrèmi àti Olúorogbo á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, tàbí kó rò pé òun mọ̀. Òpin tiwọn yàtọ̀.

Àwọn kan wà nínú ìwé Achebe àti Innes yìí tí mo ní kí ẹ fò. Ti Dambudzo Marechera, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á ní òun nìkan. Kò burú, ṣùgbọ́n bí àlá ló ṣe lọ, ẹni tí wọ́n ń kà á sí létí kò ní rí ibi dì mú.

Ẹ̀dà kan péré lẹ máa ní, nítorí náà kíkà sókè ni, a ò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ìyẹn. Ẹ gbé fóònù, kí ẹ tẹ aago rẹ̀, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ka ojú ewé kan. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó ń tọ́ ọ kà á lò tó mẹ́rin. Ẹ wá fi iye ojú ewé ìtàn náà sọ ọ́ di púpọ̀. Èyí tó bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí aṣọ ìnáwó bá wà nílẹ̀. Ojú ewé mẹ́wàá lẹ́nu ọmọ tó ń tọ́ ọ kà ti kọjá ohun tí etí lè gbà, àní kó jẹ́ ìtàn tó dùn jù láyé.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ìtàn kúkúrú ṣeé gbé lẹ́nu. Ẹnì kan lè kà á lálẹ́ Ọjọ́ Ajé, kó sì sọ ọ́ fún ẹlòmíì ní Ọjọ́rú, láìfi ohun pàtàkì sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa fún ẹnì kan ní ìwé lọ sílé: nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá dé, kó má kà á. Kó sọ ọ́, ní Yorùbá, ní ti Ondó gan-an bó bá ṣe ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó wá ṣí ojú ewé tó dùn jù, kó ka ìyẹn nìkan ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ò yé tẹ́lẹ̀ á ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́ rí á sì yé wọn láìbéèrè.

Ẹ fi Civil Peace dán an wò. Achebe fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì wà nínú ìwé kan náà. Ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Jonathan Iwegbu padà sílé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin, àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó rì mọ́lẹ̀ kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ológun, inú rẹ̀ sì dùn bíi pé ó jẹ tẹ́tẹ́. Ìjọba fún un ní £20. Lóru ọjọ́ náà, àwọn olè kan ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń sọ ọ́ sọ ọ́ débí, kó dákẹ́, kí àwọn ọmọ wá pín ohùn láàárín ara wọn. Torí ìdílé náà figbe ta pé ọlọ́pàá ẹ gbà wá, aládùúgbò ẹ gbà wá, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ni àwọn olè bá ní àwọn máa bá wọn pariwo díẹ̀ kún un, àwọn náà bá ń ké pe ọlọ́pàá. Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì ni àwọn olè ń sọ. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí kò lè ka ibẹ̀, kódà èyí tó ní òun ò mọ̀wé. Ẹ ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni bàbá á wá dákẹ́, torí ó ṣeé ṣe kó rántí ọdún 1970.

Kì í ṣe gbogbo ìtàn ló ṣeé sọ báyìí. Èyí tí adùn rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ máa sọ ọ́. Èyí tí adùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òǹkọ̀wé, tí ẹ bá sọ ọ́, eegun lásán lẹ gbé fúnni. Ìyẹn ni kí ẹ kà bó ṣe wà. Ìwé Yorùbá tó dáa, inú ọ̀wọ́ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé Yorùbá wá ńkọ́. Lórí àtẹ ìwé Yorùbá, ìtàn àròsọ gígùn, eré-onítàn àti ewì ló kún ibẹ̀. Àkójọ ìtàn kúkúrú kò pọ̀. Ohun tí mo rò pé ó fà á ni pé ilé-ìwé ló ń ra ìwé Yorùbá jù, oríṣi mẹ́ta yẹn ni ìdánwò WAEC sì ń béèrè, òǹtẹ̀wé náà ò sì ní tẹ ohun tí kò ní tà. Ṣùgbọ́n ẹ wá Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe, apá kìíní rẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti ọmọdé ni. Ọ̀bàyéjẹ́ paraku ni Ìjàpá inú ibẹ̀. Ó ń jalè, ó ń ya ọ̀dàlẹ̀, ojú sì ń tì í ní gbangba. Orin wà nínú àlọ́ wọ̀nyẹn, ẹnì kan á lé e, àwọn tó kù á gbè é, àárín orin yẹn gan-an sì ni ọmọ ọdún 11 àti ọ̀gá ilé-ìwé ti máa ń di ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Óndó tún ní ohun tó sún mọ́ yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè-Igbó tí wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà lọ́dún 1903 kò jìnnà sí yín. Ìtàn gígùn ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó kọ lọ́dún 1938, mo mọ̀, ẹ sì ti ní ìtàn gígùn sú yín. Ẹ fò dé ìparí rẹ̀, níbi tí àwọn ọdẹ ti dé Òkè Láńgbòdó tí wọ́n bá Ìrágbèje onílé olójúlé méje. Ọjọ́ méje ló fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ lè ka ibẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bíi pé ìwé kékeré kan ló dá dúró. Ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu o, ẹ kà á, kí ẹ sì gbé e fún bàbá. Ẹni tó bá ti dé àádọ́rin ọdún ló mọ bí a ṣe ń mí láàárín gbólóhùn Fágúnwà. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ lẹ rí, àkọtọ́ tó ṣáájú ti ọdún 1974 ló máa wà nínú rẹ̀: "aiye," "enia," "ọkọnrin." Àwọn ọmọ á kọsẹ̀ níbẹ̀, wọn á sì tún mọ́ ọn.

Ọ̀kan wà tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ ju dátà lọ. The Necklace ni, ti Guy de Maupassant, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó jáde lọ́dún 1884. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Project Gutenberg. Wọ́n pe obìnrin kan tí kò rí já jẹ sí ayẹyẹ ńlá, ó ní òun ò ní aṣọ. Ọkọ rẹ̀ gbé owó tó fẹ́ fi ra ìbọn ọdẹ kalẹ̀, ó rán aṣọ. Ó tún ní òun ò ní nǹkan ọrùn, ó lọ yá ẹ̀gbà ọ̀rùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó sì sọ ọ́ nù. Ọdún mẹ́wàá ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi san gbèsè rẹ̀. Òpin rẹ̀ ni n kò ní sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán aṣọ ẹbí fún àwọn tó yá owó rà á, mi ò mọ ìtàn ilẹ̀ òkèèrè tó tún lè bá ṣọ́ọ̀bù yín mu bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan á sọ pé kí ẹ lọ fi fọtokópì ṣe gbogbo ìwé náà kí kálukú lè ní tirẹ̀. Ẹ má ṣe é. Nínú òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022, iṣẹ́ èèyàn wà lábẹ́ ààbò títí 70 ọdún lẹ́yìn tó bá kú. Fágúnwà tó kú lọ́dún 1963 pàápàá, ó di òpin ọdún 2033. Ti Maupassant ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ẹ lè tẹ ìyẹn síta bó ṣe wù yín.

Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ wo ojú ewé tí wọ́n to àkòrí sí, kí ẹ sì wo èyí tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìtàn náà jáde. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ìtàn ni àbí wọ́n ya á nínú ìwé gígùn. Africa39, tó jáde lọ́dún 2014, kó òǹkọ̀wé 39 jọ tí wọn ò tíì pé 40 ọdún. Ìwé tó wúlò ni fún ẹni tó fẹ́ mọ àwọn orúkọ tuntun, ṣùgbọ́n inú ìtàn gígùn ni wọ́n ti gé àwọn kan nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ohun tí ọmọ iṣẹ́ á ṣe tí ìtàn bá dákẹ́ níbi tó ti dùn. Àwọn àkójọ ẹ̀bùn Caine, ẹ̀bùn ìtàn kúkúrú ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, kì í sábà ní irú ìyẹn; ìtàn tó dá dúró ni wọ́n ń fi díje. Tí ẹ bá rí ti ọdún 2012, bàbá á fẹ́ gbọ́ ìtàn tí Rotimi Babatunde fi gba ẹ̀bùn náà, ti sójà ilẹ̀ wa tó ti ogun Bọ́mà dé tó lóun ti dá orílẹ̀-èdè tòun sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí bàbá náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú wà níwájú ìwé Achebe àti Innes, ó dáa, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kó kà á sókè kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì a máa fẹ́ ṣàlàyé kí ọmọ tó gbọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé òun ni kó máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ipò àgbà ni, inú rẹ̀ ò ní bàjẹ́ sí i.

Ìwé kejì, ẹ má tíì rà á. Tí ẹ bá ti ka bíi mẹ́wàá nínú ogún yẹn, ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ránṣọ, ní ọ̀sán, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kàwé. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá ṣì ń bọ́ sí wọn lẹ́nu, àkójọ tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ lọ wá. Bó bá jẹ́ Achebe ni, ẹ béèrè Girls at War.